Oríkì Tí Ẹ̀rọ Kọ fún Ìyàwó Mi

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí mo ti ibi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn dé lẹ́yìn oṣù kan, ìyàwó mi gbójú sókè láti orí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ó sì fi ọ̀wọ̀ tí a máa ń bù fún àlejò kí mi pé, "Ẹ kú àbọ̀, sà. Ta ni ẹ ń bá wá?"

Kò yà mí lẹ́nu. Àrùn ìgbàgbé ti ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀ láti bí ọdún mélòó kan, a sì ti ń pàdé ara wa lákọ̀tun bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa ní Ìkòsì, l'Ékòó, lábẹ́ òrùlé kan náà tí a ti jọ tọ́ ọmọ dàgbà. Ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń ṣe bí ìbéèrè yẹn bá ti wáyé. Mo jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì bẹ̀rẹ̀ oríkì ilé bàbá rẹ̀:

Ọmọ asùn-sídìí-òfì,
Ewúrẹ́ jẹ òwú tán kí baba ó tó jí.

Ìlà kẹta ni tirẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń fẹ́ ẹ sọ́nà ni mo ti máa ń fi ìlà méjèèjì yìí yọ ọ́ lẹ́nu, tí òun náà yóò sì fi ẹ̀rín gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi: "Wọ́n bi í léèrè aṣọ, ó ní aṣọ ń bẹ nínú ewúrẹ́." Lẹ́yìn ìyẹn yóò máa bá a lọ, ìlà lórí ìlà, dé ibi tí èmi kò lè bá a dé. Nígbà tí yóò bá fi parí, ojú rẹ̀ yóò ti là, yóò sì pè mí ní Bàbá wọn, bí ó ti máa ń pè mí. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ti sọ fún mi pé ohun tí ènìyàn kọ́ ní kékeré ló máa ń pẹ́ jù nínú rẹ̀ kó tó lọ. Ọ̀nà tí mo fi ń mú un padà wálé nìyẹn. N kò ní òmíràn.

Lọ́jọ́ náà, ó tẹ́tí sí mi, ó mi orí, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ tí olùkọ́ fi ń tún ọmọ iléèwé ṣe sọ pé:

Ọmọ ọba aládé wúrà,
Ọmọ erin tí ń mi igbó kìjikìji,
Ọmọ akíkanjú tí kì í sá lójú ogun.

Ó sọ ọ́ láìdúró, láìwá ọ̀rọ̀ kankan tì. Mo rò pé inú rédíò ló ti gbọ́ ọ. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òfì, mo sì mú ewúrẹ́ náà wọlé.

"Ewúrẹ́ ta ni, sà?" ló bi mí.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ló tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ fún mi nígbà tó ti iléèwé dé. JS1 ló wà nígbà náà, ní iléèwé aládàáni kan ní Kétu. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò bọ́ bàtà kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá àgbà, ṣé ẹ gbọ́ Màmá àgbà? Èmi ni mo kọ́ wọn. Lójoojúmọ́ tí ẹ kò fi sí nílé la jọ ń kà á. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n tán báyìí, wọn kì í wo páálí mọ́."

Ó mú páálí náà jáde nínú àpò ìwé rẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀rá bò ó kí omi má bàa bà á jẹ́, wọ́n sì ya adé sí igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Oríkì gígùn ló wà lára rẹ̀, ó ń dán, ó sì lọ geere. Àmì orí ọ̀rọ̀ pé síbẹ̀. Wúrà, erin, ogun, ọlá, àti orúkọ ìlú ìyàwó mi nínú ìlà kan kí ó lè dà bí òótọ́. Mo wá ewúrẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò rí i. Ìyàwó mi kì í ṣe ọmọ ọba. Ahunṣọ ni wọ́n ní ilé bàbá rẹ̀, ní ìlú kékeré kan ní Òkè-Ògùn, wọn kò jẹ oyè rí, wọn kò sì jagun tí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ohun tí wọ́n ní ni ìtàn baba kan tó sùn nídìí iṣẹ́, àti ìgboyà láti máa fi ara wọn rẹ́rìn-ín láti ìran dé ìran.

Ẹni tó bá kà á níhìn-ín lè béèrè ìdí tí èmi, tí mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá, kò fi kọ oríkì aya mi sílẹ̀. Òun ni kò gbà. Ní ilé wọn, ẹnu ìyá ni ọmọbìnrin ti máa ń gba oríkì náà, níbi tí wọ́n bá ti ń wẹ̀ ẹ́ tí wọ́n sì ń kùn ún ní àdín. "Ẹrù ilé bàbá mi nìyẹn," ni ó máa ń wí fún mi. "Ẹ ti gbé mi níyàwó, ẹ fi èyí sílẹ̀ fún mi." Ọkùnrin ni gbogbo ọmọ tí a bí. Ọmọ ọmọ mi yìí ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ ìdílé wa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹrù náà ń lọ, àárín ọ̀nà sì ni àìsàn ti ká ẹni tó ń gbé e mọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ìyàwó mi ti kú tán. Bí ó bá gbàgbé, ayé gbàgbé.

Ní ọjọ́ kejì, mo wọ agbádá, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Kétu. Olùkọ́ náà jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tí n kò rò pé ó ti pé ọgbọ̀n ọdún, tí ohùn Ọ̀yọ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ dáadáa. Aunty ni àwọn ọmọ ń pè é. Ó kúnlẹ̀ kí mi láàárín àwọn bẹ́ńṣì.

"Ẹ jókòó, Daddy."

"N ó dúró ná." Mo gbé páálí náà ka orí tábìlì rẹ̀. "Ta ló kọ èyí?"

Kò fi bò. "AI inú fóònù mi ni, sà. Èmi ni mo sọ fún un."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Ọmọ náà ní ti màmá àgbà òun lòun fẹ́, mo wá ní kó kọ oríkì ìran wọn, mo sì dárúkọ ìlú náà fún un."

"Ẹ tún sọ fún un lójú mi."

Ó tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí fóònù rẹ̀. Kí n tó nu awò ojú mi tán, oríkì mìíràn ti jáde. Kò sí erin níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹkùn ló wọlé, adé wúrà sì di ìlẹ̀kẹ̀ iyùn. Ìlú kan náà, ìran kan náà. Ó kà á jẹ́ẹ́, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, ó bi ẹ̀rọ náà ní ibi tó ti rí ohun tó kọ. Ẹ̀rọ náà fi ọ̀rọ̀ tútù dáhùn pé òun kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, pé yóò dára kí a bi àwọn àgbà ilé náà.

"Ó mọ̀ pé àgbà ló yẹ ká bi," ni mo wí. "Kíkọ lẹ ní kó kọ, ó sì kọ. Ẹ kò ní kó lọ wádìí, kò sì lẹ́sẹ̀ tó lè fi lọ."

Ó yí fóònù náà dojú dé orí tábìlì. Kò ṣe àwíjàre púpọ̀. "Daddy, mo kọ́kọ́ fi ti ilé wa dán an wò. Ìran tiwa gbajúmọ̀, ohun tó sọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fọkàn tán an fún ti àwọn yòókù. Mo ti kọ́kọ́ ní kí àwọn ọmọ lọ bi àwọn òbí wọn, sà. Mílè 12 ni ọ̀pọ̀ ìyá wọn ń ná, wọ́n ti ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá kan ní kí ọmọ òun wá sọ fún mi pé ata rodo ni oríkì àwọn, kí n yáa wá rà níbẹ̀. Òmíràn ní ara Èkó kì í ní oríkì. Mo wá rò pé kí gbogbo wọn ṣá rí nǹkan sọ ní ọjọ́ àṣà tí a fẹ́ ṣe níparí ṣáà. N kò fẹ́ kí ọmọ kankan dúró lásán níwájú èrò."

Mo sọ ohun tí páálí náà ti ṣe nínú ilé mi fún un. Mo sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè, nítorí pé bí mo bá gbé e sókè, ó ṣeé ṣe kí n sunkún níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ.

"Ṣé Mummy ṣì ń sọ̀rọ̀, sà?"

"Ó ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yín ló ń sọ."

"Ẹ jẹ́ kí n máa wá sílé yín."

Mo ti rí olùkọ́ púpọ̀ láyé mi, mo sì mọ bí ó ti ṣòro tó fún olùkọ́ láti padà síwájú kíláàsì kó sọ pé ohun tí òun fi kọ́ wọn kò tọ̀nà. Ọ̀dọ́bìnrin yìí ṣe é ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó gba gbogbo páálí náà padà. Ó fi han àwọn ọmọ, lójú fóònù náà, bí ẹ̀rọ ṣe ń hun oríkì tuntun fún ìran kan náà bí a bá ti ní kó tún un ṣe. Kò wá pa ẹ̀rọ náà tì, èyí tí èmi ì bá ti ṣe. Ó sọ fún un pé ọmọdé kan fẹ́ jókòó ti àgbà tó ń gbàgbé nǹkan, kó dábàá ìbéèrè tí ọmọ náà lè bi í. Ìbéèrè pọ̀ lọ súà. Òun àti àwọn ọmọ jọ yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì yọ èyí tí kò ṣeé bi àgbà dànù: ọmọ ọdún mélòó ni yín, kí lẹ kábàámọ̀ láyé yín. Àwọn ọmọ fi ìyẹn rẹ́rìn-ín gan-an. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà kò tíì jẹ ìfọ́tí rí. Wọ́n mú èyí tó dá lórí ọwọ́, oúnjẹ, ọ̀nà odò àti iṣẹ́ baba. Ó wá fi òfin kan lé e: ẹni tó bá sọ ìlà oríkì kankan gbọ́dọ̀ sọ ẹnu tó ti gbọ́ ọ. Kí ó tó gba ohùn ìyàwó mi sílẹ̀, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ mi, ó sì ṣèlérí pé òun kò ní fi ohùn náà tàbí orúkọ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà.

Ọ̀sán, lẹ́yìn oúnjẹ, ni ara ìyàwó mi máa ń balẹ̀ jù, ìgbà náà sì ni olùkọ́ máa ń bá ọmọ ọmọ mi wọlé. Wọn kò bi í léèrè oríkì rárá. Wọ́n ra òwú fún un lọ́jà Kétu, wọ́n fi sí i lọ́wọ́, olùkọ́ sì bi í bí a ti ń ká a. Ìka rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó ń ká òwú náà yí àtàǹpàkò rẹ̀, ó ń kùn lábẹ́ ẹ̀mí, lójijì ó wí ketekete pé:

Ilé tí òkúta ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà,
Tí àlejò kò gbọdọ̀ jókòó lé.

N kò gbọ́ ọ rí, kò sì sí lára páálí. Ọmọ ọmọ mi sún mọ́ ọn.

"Màmá àgbà, ṣé AI ló sọ ìyẹn fún yín?"

"Ta nìyẹn? Ọmọ ilé ta ni?"

"Inú fóònù ló wà, mà."

"Ẹ sọ fún un kó kọ́kọ́ wá kí mi ná kó tó máa bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ilé wa."

Olùkọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń mì fún ẹ̀rín. Èmi pẹ̀lú rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò tíì tán lẹ́nu wa tí ìyàwó mi fi gbé orí sókè, tí ó sì tún wọ inú adé wúrà lọ, erin, ogun, gbogbo rẹ̀ láìkù ẹyọ kan.

Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́sàn-án gbogbo. Ohun tí ó bá jáde nínú òwú, adé a máa gorí rẹ̀. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù ni pé, lẹ́yìn àkókò díẹ̀, a kò lè sọ mọ́ èyí tó jẹ́ ti ilé bàbá rẹ̀ àti èyí tí ọpọlọ rẹ̀ tó ń rẹ̀ ń rán pọ̀ mọ́ ti ẹ̀rọ. Mo fi fóònù pe àna mi ọkùnrin kan, ọmọ ẹbí wọn tó ṣẹ́ kù ní ìlú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ oríkì náà. Ó ní òkúta kan wà níwájú ilé náà lóòótọ́, wọ́n ti fọ́ ọ nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà, ṣùgbọ́n òun jókòó lé e dáadáa lọ́mọdé, kò sí ẹni tó lé òun dìde. Èwo ni kí n gbà?

Ní ọ̀sán kan, sùúrù mi tán. Ó ti bẹ̀rẹ̀ adé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì fi ohùn líle sọ fún un pé kò sí adé, kò sí erin, ahunṣọ ni bàbá rẹ̀, kó rántí, kó gbìyànjú kó rántí. Ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà. Ó ń wò mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ inú ilé onílé.

"Ẹ má bínú, sà. Kí ni mo ṣe?"

Olùkọ́ na ọwọ́, ó sì pa ẹ̀rọ tó ń gba ohùn. Láti ìta ni mo ti ń gbọ́ kọ́ńdọ́tọ̀ ọkọ̀ tó ń pe èrò Alápẹ̀rẹ̀, tó ń pè é ṣáá, bí ẹni pé gbogbo ayé ló ń lọ síbẹ̀.

Ọjọ́ àṣà dé. Oríkì àwọn ọmọ náà kúrú, ẹni tó ni iléèwé kò sì fi bẹ́ẹ̀ nífẹ̀ẹ́ sí i. Ó ti retí ohun tí yóò gùn tí yóò sì dùn ún wò nínú fídíò. Ọmọ ìyá aláta sọ ìlà méjì péré, ó ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá òun nínú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ti ń ṣa ata. Nígbà tó kan ọmọ ọmọ mi, ó sọ ti òfì àti ewúrẹ́, àwọn èrò sì rẹ́rìn-ín. Ó wí pé, "Ìlà mẹ́ta yìí, mo gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá àgbà mi, tí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu màmá àgbà mi. Ti òkúta yìí, màmá àgbà mi ló sọ ọ́. A kò tíì rí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n." Ó sọ ti òkúta, ó tẹrí ba, ó jókòó. Olùkọ́ wò mí láti ẹ̀gbẹ́ pèpéle. Mo mi orí sí i pé ó káre, nítorí pé iṣẹ́ gidi ni, mo sì mọ ohun tó ná an. Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, mo ń ro gbogbo èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé òkúta náà, tí n kò ní í gbọ́ mọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, àìsàn náà yára. Mo ti fi òfin de páálí yẹn nínú ilé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ adé sí etí rẹ̀. Mo rò pé bí a bá pa á mọ́ kúrò nínú rẹ̀ pẹ́ tó, èyí tó wà lábẹ́ yóò hù. Kò hù. Ó dẹ́kun àti máa sọ oríkì kankan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù wa. Bí mo bá gbé ṣíbí súnmọ́ ọn, yóò pa ètè pọ̀, yóò sì kọjú sí ògiri. Mo sọ ti ewúrẹ́ fún un, mo sọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n tí mo ní, ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ sílẹ̀ láàárín wa bí èdè ilẹ̀ mìíràn. Ó ń rù lójú mi. Dókítà ní kí a ṣe ohunkóhun tí a bá lè ṣe kó ṣá jẹun.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀, mo gbé abọ́ ògì lé orókún mi, mo sì wí pé, "Ọmọ ọba aládé wúrà."

Ó yí ojú padà kúrò lára ògiri. Ó wò mí. Ojú rẹ̀ là, bí ó ti máa ń là nígbà àtijọ́, ó sì dúró, ó ń retí èyí tó kàn.

N kò mọ̀ ọ́n. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti kọ̀ láti kọ́ ọ. Mo pe ọmọ ọmọ mi láti yàrá rẹ̀, ó sì wá dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Sọ èyí tó kàn fún mi."

Ó mọ ohun tí mo ń béèrè, ara rẹ̀ kò sì balẹ̀. "Bàbá àgbà, Aunty ní ká má sọ ìyẹn mọ́. Wọ́n ní kò wá láti ẹnu ẹnikẹ́ni."

"Aunty yín sọ òtítọ́. Má sọ ọ́ ní iléèwé. Sọ ọ́ fún mi."

Ó sọ ìlà kan, mo tún un sọ tẹ̀ lé e. Ìyàwó mi la ẹnu, mo fi ṣíbí kan sí i. Ó sọ òmíràn. Mo ṣìnà nínú ti ogun, ọmọ náà tún mi ṣe, mo sì tún un sọ bó ṣe yẹ. Ìyàwó mi ń gbé e mì, ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu mi, a sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ìlà kan, ṣíbí kan, títí ògì náà fi tán nínú abọ́.